Abẹ́rẹ́ Ardith

Èmi ni mo ń ta sítáǹpù ní Brekken,
Àríwá Dakota, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í sinmi.
Láàárọ̀, kí n tó ṣílẹ̀kùn, èmi ni mo ń fa àsíá sókè;
nírọ̀lẹ́ mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo ká a, mo tì í mọ́ àpótí.
Afẹ́fẹ́ ibí kò mọ olóyè.
Etí àsíá ló kọ́kọ́ ń jẹ, kó tó kan ìlà pupa, ìlà funfun,
títí aṣọ yóò fi rí játijàti bí irùngbọ̀n arúgbó.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Ardith Kvamme fi ń rán an,
kò gba nǹkan kan.
Ó ń rán an nígbà tí Loren, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ aṣọ ológun.
Ó rán an lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé Loren dé nínú pósí,
tí àsíá mìíràn bò ó, tuntun, tí kò ya níbì kankan.

Ó wá di oṣù kẹta ọdún yìí.
Ààrẹ ní òun yóò tún kó àwọn ọmọ lọ sójú ogun,
ogun tí kò tíì sọ ìdí rẹ̀ tán tó ti yí ìdí náà padà.
Ardith kọ̀wé sí ìwé ìròyìn ìlú:
"Mo ti san tèmi. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tí ẹ fi rà."
Gbólóhùn méjì péré. Kò bú ẹnikẹ́ni.

Ilé kọfí gbóná lọ́jọ́ kejì.
Wendell Hauge, tí kò wọ bàtà ológun rí láyé,
ní ọ̀dàlẹ̀ ni.
Ẹnìkan ní ẹni tí kò fẹ́ ààrẹ, kó kẹ́rù rẹ̀ kó máa lọ.
Lọ síbo? Ibojì àwọn baba ńlá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.
Wọ́n nawọ́ sókè: kí Ardith má fọwọ́ kan àsíá ìlú mọ́.
Nígbà tó kàn mí, mo ń ro ṣúgà nínú ife.
Mo ní, "Ohun tẹ́ ẹ bá ti wí."
Ṣúgà yẹn ti yọ́ tipẹ́. Mo ṣáà ń rò ó.

Oṣù kẹrin. Oṣù karùn-ún. Afẹ́fẹ́ kò bá wa ṣèpàdé.
Wendell fi téèpù aláwọ̀ eérú lẹ etí àsíá;
òjò rọ̀, téèpù ṣí, ó ń gbá òpó, pàà, pàà,
a sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, a tẹ ojú mọ́lẹ̀,
àwa tí a fẹ́ràn ilẹ̀ yìí débi pé a kò lè wò ó.

Ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú,
bí a kò bá wí fún un lọ́sàn-án,
ta ni hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò jí lóru?

Mo di àsíá náà sínú àpò ìyẹ̀fun lálẹ́ Tọ́sìdeè,
mo gba ẹ̀yìnkùlé, bí olè adìẹ.
Ardith kò béèrè ìdí. Ó gbé awò sójú,
ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí gún un.
Ó gún un, ó tún un gún,
gbogbo ojú tí abẹ́rẹ́ lu ni òwú ń dì mú.
Mo ní, "Ṣé inú kò bí ọ?"
Ó fi eyín gé òwú. "Inú ń bí mi gan-an.
Aṣọ ẹlòmíràn ni mo lè wò kó ya, kí n dákẹ́.
Tèmi nìyí."

Bí mo ṣe dìde, ó fún mi ní lẹ́tà kan:
orúkọ ààrẹ, Wáṣíńtọ́ọ̀nù, ìkọ̀wé gàdàgbà bí ti ọmọ iléèwé.
"Bá mi fi ránṣẹ́. Má fi owó sítáǹpù jì mí."
Ó ka owó ẹyọ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Láàárọ̀ Fúráìdeè, mo fa àsíá sókè.
Wendell dúró lábẹ́ rẹ̀, ó wo etí rẹ̀ pẹ́.
Kò sẹ́ni tí kò mọ ọwọ́ yẹn nílùú yìí.
Kò sọ̀rọ̀. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀,
ẹnu mi wúwo; ó ti pẹ́ tí mo ti lò ó.
Mo wọlé, mo gbé òǹtẹ̀, mo lù ú mọ́ lẹ́tà náà
tó bẹ́ẹ̀ tí gíláàsì fèrèsé fi dún,
kí ó lè gbọ́ níta.